Bí Muzzammil Ṣe Tún Ojúde Ṣe

Ẹni tó bá ń wá ọkùnrin tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ bó ṣe wà, kó má wulẹ̀ dààmú ara rẹ̀ káàkiri Douala. Kó gba orí afárá Wouri, kó sọ̀ sí Deïdo, kó béèrè ṣọ́ọ̀bù Muzzammil, ọmọ Ìwó tó ń tún fóònù ṣe. Wọ́n á fi hàn án. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi ju inú takisí lọ, síbẹ̀ ó ti yí tábìlì inú rẹ̀ padà débi pé oníbàárà tó wá lánàá lè má mọ ibi tí yóò dúró sí lónìí.

Ènìyàn dáadáa ni Muzzammil. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìyẹn ná, nítorí ohun tí à ń bọ̀ wá sọ yìí lè mú kí àwọn kan rò pé a kórìíra rẹ̀. A ò kórìíra rẹ̀. Kì í purọ́ fún oníbàárà, kì í pa ìrun jẹ, ó sì máa ń kí ọmọdé kí ọmọdé tó kí i. Àtúnṣe nìkan ló ń bá a jà. Bí fáànù bá ń fẹ́, yóò ní kò fẹ́ tó, yóò tú u palẹ̀, ooru yóò sì máa mú gbogbo ilé títí wọn yóò fi ra òmíràn. Lọ́dún kan, tí ìyàwó rẹ̀, Ràhmọ̀t, lọ kí àwọn òbí rẹ̀ nílé, ó tún gbogbo ilé ìdáná tò kí obìnrin náà tó dé. Ràhmọ̀t dé, ó wá iyọ̀ títí, kò rí i, ó sì gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ síwájú ọkọ rẹ̀. Muzzammil jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn. Ẹ̀yìn fìríìjì ni iyọ̀ wà, nínú agolo tí wọ́n kọ tíì sí lára.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti dé sọ pé port, èbúté ọkọ̀ ojú omi Douala, ló kó àìsàn yìí ràn án. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ transitaire, ọ̀kan nínú àwọn tó máa ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ló ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Ìwé ló ń gbé láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn. Níbẹ̀ ló ti rí i pé bí orúkọ ènìyàn kò bá rí gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lórí káàdì rẹ̀, ẹrù rẹ̀ lè dúró sí èbúté títí yóò fi dípẹtà. "Nom et prénom," ni àwọn ọ̀gá ibẹ̀ máa ń sọ, ìyẹn orúkọ ìdílé àti orúkọ ẹni, wọn kì í sì í gbójú sókè wo ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ Muzzammil lára. Nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kógbá sílé, tó kọ́ iṣẹ́ fóònù, tó lọ gba ṣọ́ọ̀bù sí Deïdo, ó gbé ọ̀wọ̀ tó ní fún káàdì dání lọ.

Ojúde ló wá sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń gbójú sókè wò. Nígbà àrùn kòrónà, tí mọ́sáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì, tí kálukú há mọ́lé, Muzzammil kó nọ́ńbà àwọn Yorùbá tó mọ̀ ní Douala jọ, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ lórí fóònù, ó pè é ní Ojúde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àlàájà Bàdámọ́sí, ìyá arúgbó tí kò sí ìsọmọlórúkọ Yorùbá kan ní àdúgbò Ndogbong tí kì í dé, fi ohùn ránṣẹ́ síbẹ̀. Ó kí gbogbo ènìyàn, ó béèrè ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá Fùwàd, ó bá ẹni tó ta irú tó ti bàjẹ́ wí, ó ṣàdúrà, ó tún kí gbogbo ènìyàn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìrẹsì lè jinná kí ìyá tó parí ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ tán. Láti ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ làwọn ènìyàn fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́.

Kó tó pẹ́, ẹni tó bá ń lọ sí Nàìjíríà, Ojúde ni yóò ti béèrè ẹni tó fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́. Ojúde ni wọ́n ti ń jà bóyá wọ́n ti rí oṣù ààwẹ̀ tàbí wọn ò tíì rí i. Kàbírátù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Muzzammil, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ìyá Labeebah, ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Ndogbong. Á fi àwòrán ìkòkò síbẹ̀, á sọ̀rọ̀ àpárá tì í lẹ́yìn, ẹni tí kò nílò ìkòkò á sì rà á. Bánjọ, ọ̀rẹ́ Muzzammil tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ní port, tó sì jẹ́ ọmọ ìjọ pàtàkì, máa ń kéde ìpàdé akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn níbẹ̀. Àwọn àlàájà á ti máa dáhùn pé "Àmín" kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí Muzzammil bá ń jáde ní mọ́sáláṣí, ẹni tó ń lọ á yà, ẹni tó ń bọ̀ á dúró. "Bàbá Ojúde, ẹ kú iṣẹ́ wa o." Ọkùnrin tí wọ́n kì í wò lójú ní port. Inú rẹ̀ á dùn débi pé lọ́jọ́ kan ó wọ bàtà délé, ẹsẹ̀ kan dúdú, ìkejì pupa, bàtà ẹlòmíràn sì ni ìkejì ọ̀hún. Ohun kan ṣoṣo tí Muzzammil ní tí kò fowó rà ni ìkíni yẹn. Ẹ̀rù sì ń bà á lójoojúmọ́ pé àwọn ènìyàn lè lọ lọ́jọ́ kan, kí òun tún padà di ọkùnrin tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni kì í yà kí. Ẹlòmíràn tí irú ẹ̀rù yẹn bá ń bà yóò jókòó jẹ́ẹ́. Muzzammil bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe.

Ó lọ bá Boris, ọkùnrin Deïdo kan tó gboyè nípa kọ̀ǹpútà, tó ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Muzzammil. Boris bá a kọ́ áàpù kan tó dá dúró, tó ní àwọ̀ ewé àti àwòrán ilé. Wọ́n ní kí gbogbo ará Ojúde kó lọ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n Àlàájà Bàdámọ́sí lọ, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Ká ní Muzzammil ti dúró síbẹ̀, a ò bá tí ní nǹkan kan sọ lónìí.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì ni kò jẹ́ kó dúró. Ẹ kúkú mọ Yorùbá pẹ̀lú ìbejì. Ìyá Ìbejì pọ̀ ní Ojúde ju ìyá àwọn ọmọ yòókù lọ. Ọkọ Ìyá Ìbejì kan ní Deïdo ṣaláìsí. Ni ìbánikẹ́dùn bá ń rọ́ wọlé fún Ìyá Ìbejì tó wà ní Ndogbong, ẹni tí ọkọ tirẹ̀ kàn lọ ra ọdùnkún ní Bafoussam. Obìnrin náà figbe ta, àdúgbò bá a gbé e. Ọkọ rẹ̀ pè é láàárín ẹkún náà, wọ́n bá ní kí ó má gbé e, pé ó lè jẹ́ àwọn gbájúẹ̀ ló wà nídìí fóònù olóògbé. Nígbà tí ọkùnrin náà fi gbé ọdùnkún rẹ̀ dé, ó bá àwọn tó ń ṣàdúrà fún òkú lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó bá wọn ṣe "Àmín" dáadáa kó tó béèrè ẹni tó kú.

A rẹ́rìn-ín títí, ọ̀rọ̀ náà tán. Lójú Muzzammil, kò tán. Ó rí i pé ibi tí ènìyàn ti lè sọ alààyè di òkú, ewu ń bẹ níbẹ̀, àwọn èèyàn á sì sá. Ó lọ bá Boris, ó sì fi Pidgin tó lú mọ́ Faransé ṣàlàyé ohun tó ń fẹ́. Kò sí Ìyá Báyìí, Bàbá Báyìí mọ́. Orúkọ tó wà lórí carte de séjour oníkálukú, káàdì tí ìjọba fi ń mọ àlejò, ni kí ó hàn. Bẹ́ẹ̀ ni bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dá ẹlòmíràn lóhùn, kó kọ́kọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ẹni náà ná, kí ọ̀rọ̀ má baà ṣìnà mọ́.

Boris fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. "Patron, you don ask dem?"

"Ask dem weti?" ni Muzzammil wí.

Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ìgbéraga. Lọ́kàn rẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù kì í kọ́kọ́ gbàṣẹ lọ́wọ́ oníbàárà. Ó kéde fún gbogbo Ojúde pé mise à jour, ìyẹn àtúnṣe tuntun, ń bọ̀, pé kí wọ́n má fòyà. Gbogbo wọn dáhùn pé "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ojúde," láìmọ ohun tí wọ́n ń kí i fún.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí àtúnṣe náà bẹ̀rẹ̀, Àlàájà Bàdámọ́sí kírun tán, ó ṣí fóònù rẹ̀, ó bá àjèjì ènìyàn rẹpẹtẹ. Ó wá Ìyá Labeebah, kò rí i; Kàbírátù kan báyìí ló rí. Ó wá Bàbá Fùwàd tí ẹsẹ̀ ń dùn, Barakatullahi kan ló ń wò ó lójú. Ìyá rò pé òun ti ṣìnà wọ àárín ẹgbẹ́ ẹlẹ́gbẹ́. Ó ní "Ẹ má bínú o," ó sì rọra jáde.

Àwọn ìyàwó ilé ní tiwọn ṣí i, wọ́n rí "Bàdámọ́sí" tó wà níbẹ̀ ní ìhòòhò, láìsí àlàájà, láìsí ìyá, bí ẹni ń pe ọmọ tí wọ́n fẹ́ rán lọ ra epo. Ta ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Wọ́n pa fóònù dé, wọ́n lọ ṣe iṣẹ́ mìíràn.

Kò sí ẹni tó bínú, kò sí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ líle ránṣẹ́. Ìyẹn gan-an ni kò jẹ́ kí Muzzammil tètè mọ̀. Yorùbá kì í dìde kúrò níbi àsè kó sọ fún olóúnjẹ pé ọbẹ̀ rẹ̀ kan. Á ní òun ti yó, á sì kí i dáadáa. Nígbà tó béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́sáláṣí pé ṣé wọ́n ṣì ń wọ Ojúde, wọ́n ní, "Àà, Bàbá Ojúde, ó dára gan-an ni. Ó mọ́ tónítóní." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé kì í dọ̀tí.

Ó ní réseau ló fà á, pé nẹ́tíwọ̀kì ò dára lásìkò òjò. Òjò dá, kò sí ohun tó yí padà. Ó wá ní kí Boris fi agogo sí i, kí ó máa dún lórí fóònù ẹni tó bá ti pẹ́ tí kò wọlé. Àwọn díẹ̀ tó kù, tí wọ́n ṣì ń yọjú nítorí ojú àánú, agogo lé wọn lọ. Ó dún mọ́ ọkùnrin kan lórí níbi tó ti ń ṣáájú ìrun, kò sì tún sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè sọ fún un mọ́ nípa Ojúde.

Nígbà tó yá, iná àwọ̀ ewé tó ń fi hàn pé ènìyàn wà ní Ojúde kù sí ara orúkọ kan ṣoṣo: Bánjọ. Láàárọ̀, ó wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án, ó wà níbẹ̀. Muzzammil ń wo iná náà, orí rẹ̀ ń wú. Ó ní ọ̀rẹ́ kì í jìnnà síni lọ́jọ́ ìṣòro. Ó ra ẹja sísun dání, ó wọ ọ̀kadà lọ sí port láti dúpẹ́.

Bánjọ gba ẹja, ó yọ̀. Ó ń pe Muzzammil ní Àlàájì láti ìgbà pípẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà kò tíì dé Mẹ́kà. "Àlàájì mi, kí la ṣe tí a rí ẹja jẹ?"

"Nítorí pé o ò fi mí sílẹ̀ ní Ojúde ni."

Bánjọ wo òkè pẹpẹ níbi tí fóònù àtijọ́ kan wà tó ń kọ orin ìsìn. Ó wo ẹja ọwọ́ rẹ̀. Olóòótọ́ ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ẹja náà gbóná, ó sì ní ata. "Bẹ́ẹ̀ ni," ló wí. "Mo wà níbẹ̀." Muzzammil fúnra rẹ̀ ló na ojú wo pẹpẹ, ló bá rí iná àwọ̀ ewé lójú fóònù náà. Ẹ̀rọ orin nìkan ló kù fún un ní Ojúde. Bánjọ rọra ní kó wá jókòó kí àwọn jọ jẹ ẹja náà, Muzzammil ní òun ti yó.

Ọ̀sán ọjọ́ náà kò tíì tán nígbà tó wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ ohùn kan nínú ilé ìdáná. Ohùn Àlàájà Bàdámọ́sí ni, ó ń bá ẹnìkan wí nípa gààrí tó kan jù, Ràhmọ̀t sì ń rẹ́rìn-ín. Muzzammil rò pé ìyá wá kí wọn. Ó tún fìlà rẹ̀ ṣe, ó yára wọlé láti dọ̀bálẹ̀. Ràhmọ̀t nìkan ló bá, fóònù sì dúró ti agolo tòmátò.

"Níbo ni ohùn yẹn ti ń wá?"

Ràhmọ̀t pa iná ọbẹ̀ ná. "Ẹ̀yìnkùlé ni, Bàbá Juwairiyyah."

"Ẹ̀yìnkùlé wo?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é. Ẹgbẹ́ lásán ni, bíi ti ìgbà kòrónà. Ìyá Labeebah ló dá a sílẹ̀. Gbogbo wa la wà níbẹ̀."

Gbogbo wa. Muzzammil jókòó sórí àpótí ìdáná. Ó dun ún, kò sì fi pamọ́. "Ìwọ náà, Ràhmọ̀t?"

"Ta ni kí n máa bá sọ̀rọ̀ ní Ojúde? Lọ́jọ́ tí mo ṣí i, mo rí Rahmatou kan níbẹ̀, mo ní irú obìnrin wo nìyí. Àfi ìgbà tí mo rí àwòrán mi. Láti ọjọ́ tí mo ti bí Juwairiyyah, ẹnikẹ́ni ò pe orúkọ yẹn mọ́ mi lórí àyàfi ẹ̀yin àti Àlàájà." Juwairiyyah ni ọmọ wọn kan ṣoṣo. Ó wà ní yunifásítì ní Yaoundé, Yorùbá rẹ̀ kò sì ju "ẹ káàárọ̀" àti "ebi ń pa mí" lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́ káàkiri Douala.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ ò béèrè. Ẹ kéde ni." Ó wí i tìfẹ́tìfẹ́, ó sì bu ọbẹ̀ fún un. Ọbẹ̀ náà níyọ̀ dáadáa, kò sì lè jẹ ẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, ó gba Ndogbong lọ láti bá Kàbírátù ní ìsọ̀ rẹ̀. Inú ń bí i. Ó ti to ohun tí yóò sọ fún obìnrin náà lẹ́sẹẹsẹ. Kàbírátù rí i lókèèrè, ó ti kúnlẹ̀ láàárín àwọn ìkòkò kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. "Ọkọ mi Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú oòrùn. Ẹ jókòó." Orúkọ tí obìnrin náà fún un nìyẹn lọ́jọ́ tó wọlé wọn bí ìyàwó, nítorí ó bá a tó ń ka ìwé lábẹ́ igi. Inú tó ń bí Muzzammil rọ̀ díẹ̀. Ó ṣòro láti bá ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ jà.

"Ìyá Labeebah, o kó àwọn ènìyàn mi lọ."

"Èmi kọ́, ọkọ mi. Wọ́n ti jáde, ìta ni mo ti bá wọn. Mo kàn tẹ́ ẹní fún wọn ni." Ó dìde, ó nu àga fún un. "Ẹ̀yin lẹ ní kí n tó dá yín lóhùn, kí n kọ́kọ́ kọ orúkọ yín. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bomi ṣan ẹsẹ̀ mi wọlé yín, ṣé ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi rí?"

Muzzammil ronú. Ó ronú padà dé Ìwó, dé ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Òótọ́ ni. Obìnrin yìí kò pe orúkọ rẹ̀ rí, kò pe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jẹ́ ọkọ rẹ̀, kò pe ti àbúrò wọn tó kéré jù, ẹni tó ń pè ní Ìbàdíàrán. Ìyàwó kì í pe orúkọ ará ilé ọkọ. Ìyá Muzzammil fúnra rẹ̀ kò pe orúkọ àwọn ẹbí bàbá rẹ̀ títí tó fi kú. Muzzammil mọ èyí bó ṣe mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, síbẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn rárá lọ́jọ́ tó ń bá Boris sọ̀rọ̀. Orí káàdì ló ti ń ronú.

"Mo gbìyànjú," ni Kàbírátù wí. "Mo kọ lẹ́tà àkọ́kọ́. Mo pa á rẹ́ kíá. Mo ní bí ìyá wa bá rí mi látọ̀run níbi tí mo ti ń fi àtàǹpàkò pe ọmọ wọn lórúkọ, kí ni n óò sọ?"

"Ò bá sì sọ fún mi."

"Ibi tí n bá ti sọ ọ́ náà ń béèrè orúkọ, ọkọ mi."

Obìnrin kan tó ń yẹ ìkòkò wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn rẹ́rìn-ín. Muzzammil fẹ́ bínú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ti àwọn Ìyá Ìbejì ní Ẹ̀yìnkùlé kí ìbánikẹ́dùn má baà tún ṣìnà. Kàbírátù ní kò ṣòro. Wọ́n ń pe ti Ndogbong ní Ìyá Ìbejì Olódùnkún, obìnrin náà sì ń jẹ́ ẹ.

Láti ọjà, ó lọ tààrà sọ́dọ̀ Boris. Ó ní kó dá gbogbo nǹkan padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, orúkọ, ìdáhùn, gbogbo rẹ̀, kó sì yọ agogo yẹn kúrò. Boris ṣe é níbi tí wọ́n jókòó sí, kọfí rẹ̀ kò tíì tutù. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè. "Patron, name dem, I don bring dem back. Na people I no fit bring."

Muzzammil kò gbà á gbọ́. Ó fi ohùn ránṣẹ́ sí Ojúde pé òun ti rí àṣìṣe òun, pé Ìyá Labeebah ti padà di Ìyá Labeebah, pé kí gbogbo ẹbí máa bọ̀ nílé. Ohùn tó dára ni, ó tẹríba nínú rẹ̀. Fóònù orí pẹpẹ Bánjọ nìkan ló gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó jáde ní mọ́sáláṣí, ó rọra rìn, ó tún dúró díẹ̀ bí ẹni tí nǹkan wọ̀ ní bàtà. Àwọn ènìyàn ń kọjá. Wọ́n kí i pé "Ẹ kú Jímọ̀ o," bí wọ́n ṣe ń kí ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ń lọ. Ẹ jẹ́ ká fi àpárá sílẹ̀ níbí. Ó dun ọkùnrin náà wọ egungun. Ó ti dá ohun gbogbo padà sí àyè rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ẹni tó ti tẹ́ ẹní síbòmíràn, tí ara ti tù ú níbẹ̀, kì í ká ẹní rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti tún ilé àkọ́kọ́ kùn.

Ọjọ́ mélòó kan kọjá. Nígbà tó yá, ó bá ìyàwó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé níbi tó ti ń ká aṣọ. "Ní Ẹ̀yìnkùlé yẹn, ṣé ọkùnrin wà níbẹ̀?"

"Wọ́n kún ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín wà níbẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi?" Ó gbé ìyẹn mì. "Bánjọ ńkọ́?"

"Bàbá Ẹniọlá? Òun ló ń ṣáájú àmín." Ràhmọ̀t ká aṣọ kan tán, ó mú òmíràn. "Bí ẹ bá fẹ́ wọlé, mo lè sọ fún Ìyá Labeebah. Ẹ ṣáà má wọlé bí ọ̀gá."

Muzzammil gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó, kò yí tábìlì padà. Ó ti múra ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ sílẹ̀: bí ó ṣe jẹ́ pé ìfẹ́ ló wà nídìí àtúnṣe òun, bí ewu ṣe wà nínú kí ènìyàn púpọ̀ máa jẹ́ orúkọ kan náà, àti ohun kékeré kan tàbí méjì tó rò pé wọ́n lè ṣe sí Ẹ̀yìnkùlé kí ó lè dára sí i. Kàbírátù ṣílẹ̀kùn Ẹ̀yìnkùlé fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ sínú fóònù, ó kí wọn, ó kí àwọn àgbà, ó wí pé òun fẹ́ ṣàlàyé. Kó tó fi ránṣẹ́, ohùn kan ti wọlé ṣáájú tirẹ̀.

"Muzzammil."

Àlàájà Bàdámọ́sí ni. Nínú gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, ìyá nìkan ló dàgbà tó ẹni tó lè pè é bẹ́ẹ̀, láìfi nǹkan kan ṣáájú. Ó ti pẹ́ tí Muzzammil ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Ní port, wọ́n máa ń kà á látorí ìwé ni. Ìyá pè é bí ẹni ń pe ọmọ rẹ̀ tó pẹ́ níta.

"Wọ́n ní o ti wọlé. O káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó. Má tún nǹkan kan ṣe o."

Muzzammil pa àlàyé rẹ̀ rẹ́. Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ẹ káàbọ̀, Bàbá Juwairiyyah." "Àlàájì mi, ẹja dà?" "Ọkọ mi Akọ̀wé, ẹ kú àtijọ́." Kò sí ẹni tó pè é ní Bàbá Ojúde. Ó dúró dè é díẹ̀, kò dé. Oníbàárà kan dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó na fóònù rẹ̀ tó fọ́ sí i, ó ní òun ń kánjú. Muzzammil gbé ọwọ́ sókè sí i. Ó ní kó jọ̀wọ́ ní sùúrù, wọ́n ń kí òun lọ́wọ́.